Òdo tí ẹnu ń yí padà

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2012, Zambia àti Côte d'Ivoire pàdé ní Libreville, olú ìlú Gabon, fún àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìṣẹ́jú 120 kọjá, àwọ̀n kò mì. Àní Didier Drogba ti Côte d'Ivoire gba pẹnáritì, bọ́ọ̀lù fò ré òpó kọjá. Faransé á ní "zéro à zéro" tàbí "zéro partout", Gẹ̀ẹ́sì á ní "nil-nil". Yorùbá lè pè é ní òdo sí òdo, ṣùgbọ́n "ọ̀mì" ló yá lẹ́nu wa jù, ọ̀rọ̀ ìdí ọpọ́n ayò. Zambia ló padà gba ife náà, pẹnáritì 8 sí 7.

Ti fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọdún 2019 ni nọ́ńbà Gabon ti di oní-díjítì mẹ́sàn-án, òdo ló sì máa ń ṣíwájú. Bó bá fi 077 bẹ̀rẹ̀, ará Libreville á ní "zéro soixante-dix-sept", á wá máa ka ìyókù ní méjì-méjì. Ẹni tó ti Nàìjíríà dé ọjà Mont-Bouët á fẹ́ kà á lẹ́yọ lẹ́yọ: "O, double seven". Lẹ́tà ló ń pè yẹn o, kì í ṣe nọ́ńbà! Ẹni tó bá sì ń pè láti Èkó kò ní tẹ òdo náà rárá. +241 77 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

James Bond, amí 007 inú fíìmù, pàápàá kò bọ́ níbẹ̀: "double O seven" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, "zéro zéro sept" lẹ́nu Faransé.