Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Hu Ewú

A bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe tètè fi wá rẹ́rìn-ín, kí ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Àwa tí a ti lo ọdún 52 lókè eèpẹ̀, tí a ti ń fi kálàmù wá oúnjẹ òòjọ́ wa láti ìgbà èwe, tí a sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́rú, àwa náà ni a padà di akẹ́kọ̀ọ́ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù orí tábìlì ni ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́. Ojúde kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé-ẹ̀kọ́ wa. Olùkọ́ wa sì jẹ́ ọmọ ọdún 13, ọmọ ẹlẹ́ja tí ó ń gbé ní ojúlé kẹta sí tiwa.

Dókítà ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó yẹ̀ wá wò tán, ó mi orí, ó ní ẹ̀jẹ̀ wa ti ń ru, àti pé jíjókòó sídìí ìwé láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ kò lè ṣe wá ní oore. Ó ní kí a wá ohun kan tí yóò máa mú wa làágùn. A kọ́kọ́ gbìyànjú ìrìn rírìn. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè na ẹsẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí alábàárù ti ń pariwo lẹ́yìn ẹni pé kí á yàgò, tí ọmọlanke sì ń ti ẹni sọ́tùn-ún sósì?

Ní ìsọdá ilé wa, lẹ́bàá Ìdúmàgbò, àwọn ọmọdé a máa gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lé orí bẹ́ńṣì méjì ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì na igi kan sí àárín rẹ̀ lórí bíríkì méjì dípò àwọ̀n. Kí á má purọ́, ariwo wọn ti ń bí wa nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni a ti lé wọn kúrò, tí a ní eré ìranù ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n lọ ka ìwé wọn. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù wọn ta wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn dákẹ́ lọ gbári, wọ́n rò pé a ó tẹ̀ ẹ́ fọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, a béèrè bóyá ẹni tí ó ti dàgbà lè kọ́ eré náà. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọmọ ẹlẹ́ja ni ó fèsì pé, “Ẹ wá, Bàbá. Kò le.”

Ó le o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe eré ìranù. Láti ìgbà náà ni a ti wádìí rẹ̀, ojú sì tì wá. Ọdún 1926 ni a dá ẹgbẹ́ eré yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ní ọdún 1988 ni ó sì wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Seoul. Ní Èkó tiwa níhìn-ín, Olóyè Mọ́ládé Okoya-Thomas, Aṣojú Ọba, ẹni tí ó papò dà ní 2015, ti dá ìdíje ife Aṣojú Ọba sílẹ̀ láti ọdún 1968. Ṣẹ́gun Toríọlá lọ sí Òlíḿpíìkì ní ìgbà méje, láti 1992 títí dé 2016. Fúnkẹ́ Oshonaike náà lọ ní ìgbà méje, láti 1996 títí dé èyí tí a ṣe ní Tokyo ní 2021. Ní 2016, Quadri Aruna di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò wà lára àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje Òlíḿpíìkì náà. Eré yìí ni a torí rẹ̀ ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò lójúde!

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń di pátákó mú. A dì í mú bí ẹni di àdá mú. Ọmọ náà ní kí a dì í mú bí ẹni tí ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ kejì ni bọ́ọ̀lù àkọ́gbá: a ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, a ó ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà, ó kéré tán ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 16, kí a tó gbá a, yóò ta lẹ́ẹ̀kan ní ìhà tiwa, yóò fo àwọ̀n, yóò sì ta ní ìhà ẹnìkejì. Èyí nìkan gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀lù tí òfin là sílẹ̀ kò wúwo ju gíráàmù 2.7 lọ, ẹni tí ó bá fi agbára gbá a yóò máa wá a kiri ni. Ẹ̀kọ́ kẹta ni yíyí bọ́ọ̀lù. Bí a bá fi pátákó ha á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, yóò máa yí bí òkòtó, yóò sì tẹrí ba sórí tábìlì kí ó tó kọjá. A mọ òkòtó í ta ní èwe wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti gbàgbé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ní àmì 11, tí ó sì fi méjì ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ni ó borí. Kí ó tó di ọdún 2001, àmì 21 ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a kà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni a gbá bọ́ọ̀lù sínú gọ́tà. Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Ìyá alákàrà ké sí wa pé, “Akọ̀wé, ẹ rọra o, egungun ò gbọdọ̀ yẹ̀ o!” Òógùn àti ìtìjú bò wá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá lọ, ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò mú un jáde, yóò fi omi ṣàn án, yóò nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, yóò sì wí pé, “Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ tún un gbá.” Kò pòṣé. Kò wo ojú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kí ó rẹ́rìn-ín.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn wá. Ìyá kan ni a rántí, ẹni tí ń ta ata, tí ó ti ń bọ̀ ní kíláàsì wa ní Ọjọ́rú. Ó máa ń pe *b* ní *d*, ó sì ń pe *d* ní *b*. Ní ọjọ́ kan a fi ọwọ́ lu tábìlì, a sì wí fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ìyá, ṣé ẹyọ lẹ́tà méjì péré kò lè wọ̀ yín lórí ni?” Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde, kò sì padà wá mọ́. Àwa sì ń sọ kiri pé ọ̀lẹ ni.

Kí ni ó mú kí ọmọ ọdún 13 ní sùúrù tí àwa kò ní? A rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ eré náà, gọ́tà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù sí nígbà náà ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ó ti lé ní ọdún 45 tí a ti mọ *b* yàtọ̀ sí *d*. A ti gbàgbé pé ọjọ́ kan wà rí tí a kò mọ̀ ọ́n.

A lọ sí ilé ìyá náà ní Ẹnu Ọ̀wá, a sì tọrọ àforíjì. Kò tètè dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Tíṣà, ojú tì mí lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi.” A kò ní àwáwí kankan. A kàn sọ ìtàn bọ́ọ̀lù àti gọ́tà fún un. Ó ní irọ́ ni, pé òun yóò fi ojú ara òun rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó wá lóòótọ́, ó jókòó ti alákàrà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀lé e, àga rẹ̀ ṣófo. Ní Ọjọ́rú kejì, nígbà tí a ti kàwé dé ìdajì, ó wọlé, ó fi ọ̀rá wé ìwé rẹ̀. Ó sì tún pe *b* ní *d*. A ní, “Ó kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ tún un kà.”

Títí di òní, a kò tíì borí olùkọ́ wa. Èyí tí a ṣe dáradára jù ni 11 sí 6. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wa ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má tíì fi oògùn sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ tàbí ní ìwé, ẹ wá ohun kan tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́nà.