Owó Tí A Kò Fi Ta Tẹ́tẹ́ ní Las Vegas

Bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ bá sọ pé òun fẹ́ lọ wo Las Vegas fún ìgbà àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn tí tẹbí-tọ̀rẹ́ máa kọ́kọ́ fún un ni pé kó ṣọ́ra fún tẹ́tẹ́. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó bá gbé e dání nìkan lọ síbẹ̀ ti ilẹ̀kùn iwájú gbọn-in, ó sì fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó wà lójú Strip, òpópónà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlú náà, ti ń pa owó lórí yàrá, oúnjẹ, ọtí àti eré orí ìtàgé ju èyí tí wọ́n ń pa lórí tẹ́tẹ́ lọ. Àlejò tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kankan títí tó fi padà sílé lè ná gbogbo ohun tó ní tán síbẹ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó ń ṣọ́ owó ná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò owó tí kò ní fi ta tẹ́tẹ́, kó sì ṣírò rẹ̀ nílé kó tó gbéra, torí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ìlú náà kò ní jẹ́ kó ráyè ṣe é nígbà tó bá débẹ̀.

Ìtàn fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀. Ní 1931 ni ìpínlẹ̀ Nevada sọ tẹ́tẹ́ di ohun tó bófin mu, ọdún kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìdídò Hoover tí kò jìnnà síbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rọ́ wọ inú aṣálẹ̀ náà. Ní 1941, hòtẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas ṣí, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lójú ọ̀nà tó wá di Strip. Láyé ìgbà náà, àwọn onílé tẹ́tẹ́ mọ̀ pé bí àlejò bá rí yàrá pọ́ọ́kú sùn sí, tó sì rí oúnjẹ àjẹyó lówó táṣẹ́rẹ́, yóò pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti gba owó wọn padà. Ìjẹ ni yàrá, ìjẹ ni oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì Mirage ṣí ní 1989, tí Bellagio tẹ̀ lé e ní 1998, àwọn oníṣòwò rí i pé ẹni tó wá wo òkè ayọnáyèéfín àtọwọ́dá àti omi tó ń jó sí orin ṣe tán láti san owó gidi fún ibùsùn rere àti oúnjẹ aládùn. Ohun tó jẹ́ ìjẹ tẹ́lẹ̀ di ọjà. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì MGM bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí lójú Strip, níbi tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Mirage fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé ní 2024. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn ẹni tó lọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn pé pọ́ọ́kú ni gbogbo nǹkan, ìlú tí kò sí mọ́ ló ń múra láti lọ.

Orí yàrá ló yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ká ní $39 ni wọ́n pe yàrá fún alẹ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó tí wọ́n ń pè ní resort fee wà, èyí tí àlejò gbọ́dọ̀ san bó lo odò ìwẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì wọn, bí kò sì lò ó. Ká fi èyí sí $45. Ó di $84. Owó orí yàrá níbẹ̀ tó nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, orí àpapọ̀ owó méjèèjì sì ni wọ́n ti ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni $39 ṣe di nǹkan bí $95 kí àlejò tó ju àpò sílẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé iye tí hòtẹ́ẹ̀lì bá fi han oníbàárà gbọ́dọ̀ ti ní irú owó bẹ́ẹ̀ nínú, èyí sì ti dín ẹ̀tàn kù. Síbẹ̀, òfin náà kò ní kí wọ́n má gbà á, owó orí ìjọba sì ṣì lè wà lẹ́yìn. Iye ìkẹyìn nìkan ni ká máa fi wé ara wọn. Lẹ́yìn iye ni ọjọ́. Yàrá tó wọ́n bí ojú lálẹ́ Jímọ́ọ̀ àti Sátidé sábà máa ń wálẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀. Bí àpéjọ CES ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bá wọlé ní oṣù Kìíní, tàbí eré ìje Formula 1 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá lójú Strip ní oṣù Kọkànlá 2023, owó yàrá á fò sókè. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ lọ wo oníjà nì, Israel Adesanya, bí ìgbà tó jà ní T-Mobile Arena ní 2020 àti 2022, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni yóò wọ́n lọ́sẹ̀ náà. Bí yàrá bá sì rọjú ní oṣù Keje, ó nídìí: ní 7 oṣù Keje 2024, ooru ìlú náà dé 48.9 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú èyí tí wọn kò rí rí níbẹ̀. Ẹni tó rí yàrá pọ́ọ́kú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí kò sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ́sàn-án, owó tó rò pé òun fi pa mọ́ ni yóò kó fún onítakisí.

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé ni ká ti ṣe gbogbo èyí? Nínú púpọ̀ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, kò sí bí àlejò ṣe lè ti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè kó má gba àárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kọjá. Aago sábà máa ń ṣọ̀wọ́n lára ògiri ibẹ̀, fèrèsé náà kò sì wọ́pọ̀, ọ̀sán àti òru ò yàtọ̀. Nínú àwọn yàrá kan, fíríìjì kékeré tó wà níbẹ̀ máa ń mọ̀ bí wọ́n bá gbé ìgò kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹni tó gbé e wò lásán lè bá owó rẹ̀ nínú ìwé gbèsè lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ẹ̀rọ ATM tó wà nínú ilé tẹ́tẹ́ ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba owó ara rẹ̀. Strip gùn ju kìlómítà mẹ́fà lọ, àwọn ilé ibẹ̀ sì tóbi débi pé èyí tó dà bíi pé ó wà nítòsí lè gba ìrìn gígùn kéèyàn tó débẹ̀. Reluwé orí òpó tí wọ́n ṣí ní 2004 kò dé pápákọ̀ òfuurufú. Bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọ́n ń pè ní Deuce ń ná Strip tọ̀sán-tòru, ó sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi gùn ún fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó ti mọ èyí láti ilé yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ebi ń pa, yóò wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dúró, yóò sì jẹun níbi tó bá sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í náwó pẹ̀lú ọgbọ́n, àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí yàrá, ọkọ̀ àti oúnjẹ bá ti wà nínú ìwé ni tẹ́tẹ́ tó kàn. N kò sọ pé kí àlejò má ta á, bó bá ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí òfin béèrè. Ohun tí mo ní ni pé kó ka owó rẹ̀ sí owó ìwòran tó ti ná tán, kó sì mọ iye tó ń san. Àwo roulette Amẹ́ríkà ní ihò 38: nọ́ńbà 1 títí dé 36, òdo kan (0), àti òdo méjì (00). Bí ihò bá jẹ́ 38, ohun tó tọ́ ni kí wọ́n san 37 fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde, lórí 1 tó fi lélẹ̀. 35 ni wọ́n ń san. Àlàfo yẹn ni èrè onílé, ó sì jẹ́ $5.26 lórí $100 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi $10 ta á nígbà ogójì láàárín wákàtí kan ti gbé $400 sórí tábìlì, ó sì yẹ kó máa retí láti pàdánù nǹkan bí $21. Àwọn àwo tuntun kan ní òdo mẹ́ta, èrè onílé níbẹ̀ sì gun orí $7.69. Nídìí blackjack, kí èèyàn ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ tábìlì kó tó jókòó. Bó bá jẹ́ 3 sí 2 ni wọ́n kọ, ẹni tó gba blackjack pẹ̀lú $10 yóò gba $15. Bó bá jẹ́ 6 sí 5, $12 péré ni. Tábìlì méjèèjì lè wà nínú ilé kan náà, kó sì jẹ́ pé ìlà kékeré yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí mo bá wá jẹ ńkọ́? Kò sí ohun tó ní kí èèyàn má jẹ. Àwọn kan ń jẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ohun tó ṣeé ṣe yàtọ̀ sí ohun tí a lè gbé ètò kà. Àlejò láti òkè òkun tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Britain lè bọ́ nínú rẹ̀ nípa àdéhùn orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ọtí ọ̀fẹ́ àti ẹ̀bùn tó ń ti ara káàdì ilé tẹ́tẹ́ wá á dí gbogbo rẹ̀. Kò ní dí i. Ohun tí wọ́n retí pé èèyàn yóò pàdánù ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀bùn fún un, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Káàdì náà dára fún ẹni tó ti fẹ́ ta tẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀; ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ ta á ti ra ẹ̀bùn náà ní ọ̀wọ́n.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni pé ẹni tó ń ka owó lọ́wọ́ kò lè gbádùn, pé kí ni èèyàn ń wá lọ sí ìlú fàájì bó bá jẹ́ ìṣirò ló ń ṣe. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, torí kò sí fàájì nínú kí èèyàn máa fọwọ́ tẹ àpò ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣírò ṣáájú ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀. Ó ti mọ iye tó jẹ́ ti yàrá, ti oúnjẹ, ti tẹ́tẹ́ àti ti eré kan tó wù ú, kò sí èyí tó ń jẹ́ kí òmíràn ṣẹ́. Ohun ọ̀fẹ́ gidi sì kù níbẹ̀: omi Bellagio tó ń jó, àwọn ẹyẹ inú ọgbà Flamingo, iná tó ń ṣeré lórí òrùlé Fremont Street láti 1995, àti ara Sphere, ilé róbótó tó ṣí ní 2023 tí èèyàn lè wò láti ìta láìsan kọ́bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè pé kí èèyàn jókòó sídìí tábìlì kó tó rí i.

Ó ku ibi tí ìṣirò máa ń le sí jù, ìyẹn ìgbà tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju agbára ẹni lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé tẹ́tẹ́ yóò dí ìyókù. Onílé tẹ́tẹ́ náà ti ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó sì ti fi èrè rẹ̀ síbẹ̀. Kí èèyàn sún ọjọ́ síwájú, kó dín alẹ́ kan kù, tàbí kó gba yàrá ní apá Fremont Street dípò Strip. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi ìrìnàjò náà sí ọdún tó ń bọ̀, torí pé Las Vegas kò ní kó ẹrù kúrò nínú aṣálẹ̀ kó tó di ìgbà náà.