Ọ̀pẹ Òyìnbó Allada

Mo wọkọ̀ ní Ṣẹ̀mẹ̀, mo gba Kútọnu kọjá, mo forí lé Allada, níbi tí oko ọ̀pẹ òyìnbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ sí. Inú oko ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èso yìí ti ń parí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò lè pọ́n sínú páálí. Ti ọ̀pẹ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá ti gé e, adùn rẹ̀ kò ní lé sí i mọ́. Èyí tí wọ́n gé láìgbó, kò sí yàrá òtútù tó lè gbà á là.

Ọmọ Kétu kan ló ń ṣe ògbufọ̀ fún mi. Ó fi oríṣi méjì hàn mí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Cayenne máa ń pọ́n lára. Pain de sucre ní tirẹ̀, ó lè gbó tán kí ara rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Àgbẹ̀ kan là á fún wa. Inú rẹ̀ funfun, kò kan rárá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ara rẹ̀,” ni ògbufọ̀ mi wí. “Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò tíì gbó.”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà Yúróòpù fẹ́ awọ pupa, àwọn àgbẹ̀ sì ń fín oògùn ethephon sí Cayenne kí ara rẹ̀ lè pọ́n kíákíá. Nígbà náà, Yúróòpù kò gbà ju miligíráàmù 2 nínú kílò èso kan lọ. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ń kọjá bẹ́ẹ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ dá ọjà náà dúró ní ìparí ọdún 2016, ó di 2017 kí wọ́n tó ṣí i. Ó dùn mí gan-an: nítorí àwọ̀ lásán, àgbẹ̀ tí kò fín nǹkan kan pàdánù ọjà rẹ̀. Inú mi dùn pé ní 2021, àjọ OAPI tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀ fi orúkọ Allada dáàbò bo pain de sucre, tòun ti ara tútù rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣà á, ìyá àgbà kan ń fi ìka kan èso kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí tí oòrùn jó, èyí tó fara gbọgbẹ́, èyí tí adé rẹ̀ wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo wọn ń lọ. Àwọn tó tóbi bákan náà ló ń jọ wọ páálí kan. Wọ́n tún ń fún omi díẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo ṣúgà. Tí ṣúgà rẹ̀ kò bá tó 12 lórí ìwọ̀n Brix, kò lè lọ sókè òkun.

Òtútù yàrá tí wọ́n ń kó o sí náà ní ìwọ̀n. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 7 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, inú èso á dúdú, awọ kò sì ní dán mọ́. Ẹni tó rà á ló máa rí i.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó pọ̀ jù tí mo rí kò lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Èkó ni wọ́n kọjú sí, láìsí páálí, láìsí òtútù, ewé orí èso nìkan ló ń dáàbò bò wọ́n. Awakọ̀ kan ní bí ọkọ̀ bá pẹ́ lẹ́nu ibodè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti máa ṣomi, iye tí wọ́n bá sì fún òun ní Èkó lòun máa gbà.