AGBO ÀLỌ́ NÍ MARRAKECH

Ẹni tó bá dé ìlú Marrakech ní orílẹ̀-èdè Mòrókò tí kò dé gbàgede Jemaa el-Fna, kò tíì dé ìlú náà. Ní ọ̀sán tí a kọ́kọ́ débẹ̀, oòrùn mú gan-an, àwọn tó ń ta omi ọsàn nìkan ló ń ké sí wa. Ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ni ibẹ̀ yí padà. Èéfín ẹran sísun gba ojú ọ̀run, ìlù bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn sì dúró ní agbo-agbo. Àwọn Gnawa wà níbẹ̀, tí a kó ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn lẹ́rú láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn tó ń gbé ejò kọ́ ènìyàn lọ́rùn gbowó náà wà. Àwọn yẹn, a yà fún wọn!

Apàlọ́ ni àwa ń wá. Láyé àtijọ́, bí ìtàn bá dé ibi tó dùn jù, apàlọ́ á dánu dúró, á gba owó ná. A wá wọn títí. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà ti ń kú tán, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì jẹ́ kí ohùn ẹnu lásán jáde.

Juan Goytisolo, òǹkọ̀wé ará Spéìnì tó fi ìlú náà ṣe ilé títí ó fi kú ní 2017, wà lára àwọn tó figbe ta nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gíga àti ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀. Ní 2001, gbàgede náà wà lára ohun 19 tí àjọ UNESCO kọ́kọ́ kéde pé wọ́n jẹ́ ogún àtẹnudẹ́nu gbogbo aráyé.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odi tó wó ṣeé tún mọ. Ẹnu apàlọ́ kò ṣeé fi símẹ́ńtì lẹ̀. Bí ẹlẹ́ran sísun bá ń rówó tí apàlọ́ kò rí owó ilé san, kí ni ìkéde fẹ́ ṣe fún un? Nígbà tí àrùn kòrónà sọ ibẹ̀ di ahoro ní 2020, àwọn tó ń fi ẹnu wọn jẹun ni ebi kọ́kọ́ kàn.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín agbo kékeré. A kò gbọ́ Lárúbáwá, síbẹ̀ a dúró. Nígbà tó dákẹ́ lójijì tó sì na àwo sí wa, a mọ ibi tí ìtàn dé.