Kí ló ń jẹ àyè fóònù wa?

Bí fóònù bá ní òun ti kún, fọ́tò tá a fọwọ́ ara wa yà la kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Àmọ́ ẹ wo WhatsApp lásìkò ọdún ìbejì Ìgbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá: gúrúùpù ẹbí ń ju fídíò, ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ń ju tiẹ̀. Èyí tá a bá ti tẹ̀ wò, ó ti wọnú fóònù nìyẹn.

Ẹlòmíì á ní, “Mo ti pa á rẹ́.” Bó bá jẹ́ inú Google Photos lẹ ti pa á rẹ́, ó ṣì lè lo 30 ọjọ́ nínú “Trash” kó tó lọ pátápátá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ àyè, ẹ wo “Manage storage” nínú WhatsApp. Ó ti ṣa àwọn fáìlì tó ju 5 MB lọ jọ.

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, gúrúùpù wo ló ń jẹ àyè fóònù tiyín jù?