Ẹni Tí Kò Fa Tábà Rí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo yín ni ẹ mọ òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. A ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, láti ibẹ̀ ni òórùn náà ti ń wá. A ó bọ̀ ọ́ nínú àgbá lórí iná igi. A ó sá a sí oòrùn, a ó sì bó èèpo rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń ṣe ní ìlú Ọ̀fàdà, èrè rẹ̀ ni ó sì fi san owó ilé-ìwé mi.

Obìnrin yìí kò fa tábà rí, bẹ́ẹ̀ ni kò fín áṣáà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníṣègùn sọ pé àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹnu ya gbogbo wa. Ohun tí ó dùn ún ju àrùn náà lọ ni pé àwọn tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò ń bi ara wọn lábẹ́lẹ̀ bóyá ó ń fa sìgá ní ìkọ̀kọ̀.

Lóòótọ́, tábà ni olórí ohun tí ń fa àrùn yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí ń fà á, èéfín sìgá ẹlòmíràn náà sì ń fà á. Ní ọdún 2006, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ka èéfín igi ìdáná inú ilé mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí ó mú ẹnìkan ṣoṣo; nítorí náà kò yẹ kí a máa dá aláìsàn lẹ́jọ́.

A gé apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ilé, ìfẹ́ ni àwọn ẹbí fi dè é mọ́ orí àga. Wọn kò jẹ́ kí ó gbé ife omi pàápàá. Ṣùgbọ́n oníṣègùn wí pé ìjókòó ni yóò sọ ara di aláìlágbára, kí ó máa rìn níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò aládùúgbò. Bí èémí bá há a, yóò dúró, yóò fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé, yóò sì ká ètè jọ láti fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé ààrò kúrò lábẹ́ àtíbàbà sí gbangba. Àwọn ni ń koná, òun ni ń wọn ìrẹsì fún àwọn oníbàárà.

Kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1933, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Evarts Graham yọ gbogbo ẹ̀dọ̀fóró apá òsì James Gilmore, ẹni tí òun pàápàá jẹ́ oníṣègùn, nítorí àrùn yìí kan náà. Gilmore padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1963. Graham tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti kú ní ọdún 1957, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì ni ó pa á. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí jẹjẹrẹ ti bá jà nímọ̀ràn pé kí àwọn náà máa fi ara ṣiṣẹ́ fún 150 ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀, bí agbára wọn bá gbé e.

Ní ilé-ìwé tí a ó rán wa lọ, a ó bá àwọn ìyá tí ń pọn ọmọ dáná nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti gbé iná jáde sí gbangba. Bí a bá sì bá ẹni tí àrùn yìí ti mú rí pàdé, kí a má ṣe bi í léèrè ohun tí ó fà. Kí a bi í bí ó ti rìn jìnnà tó lónìí, kí a sì bá a rìn díẹ̀.