Ṣé Ó Ń Ta Á Ni, Àbí Ó Ń Lù Ú?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ọmọkùnrin kan jókòó, ó ń kọrin sí gìtá. Kóńgà kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá tó ń sun àgbàdo fún mi wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ṣebí ńṣe là ń ta gìtá? Kí ló dé tí eléyìí ń lù ú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ìlù là ń lù, fèrè là ń fọn, dùùrù là ń tẹ̀, gìtá là ń ta. Yorùbá ti pín iṣẹ́ fún ọwọ́ tipẹ́.

Keziah Jones ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1968, tó lọ sí ìlú ọba lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Àwo rẹ̀, Blufunk Is a Fact, jáde ní 1992. Blúùsì àti fọ́ǹkì ló pa pọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò: bó ṣe ń ta okùn ló ń gbá a, gìtá kan, ìró méjì.

Mo ní ilé ló ti jogún ẹ̀. Ṣebí bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, bẹ́ẹ̀ ìka là ń fi ta irin rẹ̀? Fatai Rolling Dollar, tó dá ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, ṣe agídìgbo, ó ṣe gìtá. Ẹjọ́ parí.

Àfi bí mo ṣe rántí baba alágídìgbo tó wá síbi ìkómọ àbúrò mi ní Muṣin. Òrùka ńlá kan wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Bí ìka yòókù ṣe ń ta irin, òrùka ń kan ẹ̀gbẹ́ àpótí: kó, kó-kó, kó. Bàbá mi bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú dárà yìí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi, ẹnì kan ṣoṣo lowó yín ká."

Kì í ṣe ogún, àìsí onílù ni. Kí Keziah tó ṣe àwo, ojú pópó London àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris ló ti ń ṣeré, òun àti gìtá. Bóyá ibẹ̀ ni ọwọ́ ti kọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, tí àwa wá ń pè é ní àdàlù orin.

Ìbéèrè "ta" náà ni ti màmá alágbàdo, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ta gìtá. Ta ni kò wá? Mo ra àgbàdo méjì lọ́jọ́ yẹn, mo sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgà yẹn láì bèèrè ẹni tó ni ín.